Nígbà Tí Wọ́n Bá Ń Wo Ọwọ́ Ẹni: Ìdánwò Iṣẹ́ Dátà ní Kùmásì

Bí a bá dárúkọ dátà lónìí, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni èyí tí à ń rà sórí fóònù, tó máa ń tán kí oṣù tó parí. Dátà mìíràn wà tí iye rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Gbogbo ìgbà tí oníṣòwò kan ní ọjà Kejetia ní Kùmásì, ní Gánà, bá fi owó ránṣẹ́ lórí mómò, ìyẹn owó orí fóònù, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ti kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹni tó gbà á, iye tó jẹ́, aago tó lù. Ẹ kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ láti ọwọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, ó di òkìtì tí ojú lásán kò lè kà tán. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń tú òkìtì náà wò, tí wọ́n ń fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà wá ọgbọ́n inú rẹ̀ jáde, ni à ń pè ní onímọ̀ dátà.

Iṣẹ́ náà gbayì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, Thomas Davenport àti DJ Patil kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review, wọ́n sì pè é ní iṣẹ́ tó fani mọ́ra jù lọ ní ọ̀rúndún kọkànlélógún. Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri ayé, ó sì dé etí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìwé ẹ̀rí àti owó oṣù, ẹnu ọ̀nà kan wà tó há gan-an. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní íńtáfíù. Ti iṣẹ́ dátà kò dà bí èyí tí àwọn òbí wa mọ̀, tí wọ́n á wọ aṣọ tó mọ́, tí wọ́n á jókòó síwájú ọ̀gá, tí wọ́n á sì dáhùn ìdí tí wọ́n fi fẹ́ iṣẹ́ náà. Ìdánwò ni, ó sì lè tó ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Kùmásì kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún Yorùbá. Kí ìjọba Kofi Busia tó kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ Yorùbá ti ń tajà ní ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà náà, bí ọ̀dọ́ kan bá ti ilé dé, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan tó gbà á sílé á gbé ọjà díẹ̀ fún un, á sì máa ṣọ́ ọ. Ṣé ó lè ka owó? Ṣé ó mọ bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀? Ṣé èrè ń pé? Ìdánwò ni ìyẹn náà, àmọ́ ó ń gba oṣù púpọ̀, ẹni tí wọ́n ń dán wò sì ń jẹun nílé ẹni tó ń dán an wò. Lónìí, ìṣẹ́jú 45 péré ni wọ́n lè fún ọmọ-ọmọ irú wọn láti fi ohun tó kọ́ fún ọdún mẹ́rin hàn, lójú àjèjì tí kò tíì rí rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ ọ ni Kwame Nkrumah University of Science and Technology, tí wọ́n ń pè ní KNUST. Ọdún 1952 ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì di yunifásítì ní ọdún 1961. Francis Allotey, onímọ̀ ìṣirò àti físíìsì tó kú ní ọdún 2017, wà lára àwọn tó mú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà gbilẹ̀ nínú ọgbà náà, òun ló sì kọ́kọ́ darí ibùdó kọ̀ǹpútà wọn. Lónìí yàrá ìwádìí kan wà ní KNUST tó ń rí sí bí a ṣe lè lo ọpọlọ kọ̀ǹpútà láìpa ẹnikẹ́ni lára, Responsible AI Lab lorúkọ rẹ̀. Nígboro, Kumasi Hive wà níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ tí wọ́n sì ń dá òwò ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí nílùú. Ọ̀rọ̀ wà níbi tí ìmọ̀ ti ń pàdé ẹni tó fẹ́ sanwó fún un.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ sábà máa ń rọrùn lójú. Wọ́n á gbé tábìlì méjì sójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan jẹ́ orúkọ àwọn oníbàárà, èkejì jẹ́ ohun tí wọ́n rà. Wọ́n á ní kí olùwáṣẹ́ fi SQL, èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ IBM ṣe jáde ní àwọn ọdún 1970 fún bíbá àkójọ àkọsílẹ̀ sọ̀rọ̀, ka iye oníbàárà tó ra ọjà lóṣù tó kọjá. Ọ̀dọ́ náà á so tábìlì méjèèjì pọ̀, á kà á, á dáhùn. Àṣìṣe ti wọlé. Oníbàárà tó ra ọjà lẹ́ẹ̀méje ti di èèyàn méje. Bí wọ́n bá tún ní kó to gbogbo oníbàárà pẹ̀lú iye tí oníkálukú ná, ẹni tí kò ra nǹkan kan rárá lè pòórá pátápátá kúrò nínú ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ irú wọn gan-an ni ọ̀gá ń wá, kó lè mọ ìdí tí wọn kò fi padà wá. Kọ̀ǹpútà kò ní pariwo, kò ní sọ pé nǹkan kan bàjẹ́. Nọ́ńbà tó mọ́ rekete ni yóò gbé jáde, irọ́ ni nọ́ńbà náà sì jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè ìṣirò. Ẹ wo ọ̀kan tó lókìkí. Àìsàn kan wà tó ń ṣe ẹnì kan nínú 1,000. Àyẹ̀wò rẹ̀ kì í gbójú fo ẹni tó ní i, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe àṣìṣe nípa sísọ pé àìsàn wà lára ẹni márùn-ún nínú 100 tí ara wọn le. Bí àyẹ̀wò bá sọ pé ẹnì kan ní i, báwo ló ṣe dájú tó? Ní ọdún 1978, wọ́n gbé ìbéèrè yìí fún dókítà, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn 60 ní Harvard. Ẹni 11 péré ló gbà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó sọ pé ó dájú tó 95 nínú 100. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀. Nínú 1,000 èèyàn, ẹnì kan ló ń ṣàìsàn ní tòótọ́. Nínú àwọn 999 yòókù, bí 50 ni àyẹ̀wò á purọ́ mọ́. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ní i ti di 51, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló sì jẹ́ òótọ́. Kò tó méjì nínú 100.

Ìbéèrè irú èyí dára. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fi ìdámọ̀ràn burúkú kó bánkì tàbí ilé ìwòsàn sí wàhálà. Ti jìbìtì orí mómò náà bẹ́ẹ̀: ká ní méjì péré ni ti olè nínú ìfowóránṣẹ́ 1,000. Ẹ̀rọ tó bá ń sọ nípa gbogbo wọn pé kò séwu yóò gba 998 nínú 1,000. Máàkì rẹ̀ ga fíofío, kò sì mú olè kankan. Olùwáṣẹ́ tó bá gbọ́ pé ẹ̀rọ kan gba 99 nínú 100, tó sì kọ́kọ́ béèrè pé mélòó ni olè inú rẹ̀, ti fi hàn pé ó yé òun. Kò sí ẹni tó yẹ kó bínú sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ ká bínú sí ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é.

Ní ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, wọ́n á ní kí olùwáṣẹ́ kọ kóòdù lójú wọn. Ẹni tí olùwáṣẹ́ kò mọ̀ rí á wà lápá kejì ojú kọ̀ǹpútà, á máa wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde. Wọ́n á tún ní kó máa sọ èrò ọkàn rẹ̀ síta bó ṣe ń ṣe é. Ta ni nínú wa ló lè máa gún iyán, kó máa ṣàlàyé bí òun ṣe ń gún un, kí ẹnì kan sì máa wo aago lé e lórí? Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní North Carolina State University àti iléeṣẹ́ Microsoft gbé ohun tí wọ́n rí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ 48 ni wọ́n fún ní ìṣòro kóòdù. Apá kan yanjú tiwọn lórí pátákó lójú olùbéèrè, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Apá kejì wà nínú yàrá láwọn nìkan. Ìṣòro kan náà ni. Àwọn tí wọ́n ń wò kò ṣe tó ìdajì ohun tí àwọn tó dá wà ṣe. Gbogbo obìnrin tó wà lójú olùbéèrè ló kùnà, gbogbo obìnrin tó dá wà ló sì yege.

Obìnrin tó kópa kò pọ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ fi èyí nìkan ṣòfin. Bákan náà, ìṣòro kóòdù lásán ni wọ́n lò, kì í ṣe ti dátà gan-an. Síbẹ̀ ohun tó fi hàn tó kí ẹnikẹ́ni tó ń gbani síṣẹ́ dákẹ́ kó ronú. Ẹni tí wọ́n lé padà pé kò mọ̀ ọ́n lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ni wọ́n wọ̀n, wọ́n pè é ní ìmọ̀.

Ní Kùmásì, bí ó ti rí ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ìtọ́ni ilé tún dá kún un. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa mọ̀ pé a kì í já àgbà nírọ́, a kì í sì í tẹjú mọ́ àgbà tó ń sọ̀rọ̀. Ní íńtáfíù dátà, olùbéèrè lè mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kò tọ̀nà láti mọ̀ bóyá olùwáṣẹ́ á takò ó. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó gbọ́ àṣìṣe náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ ni wọ́n á kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìmọ̀kan. Ẹ tún rántí pé Twi ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ronú nígbà tí ọkàn wọn bá balẹ̀, Yorùbá tàbí Hausa sì ni àwọn mìíràn ń fi ronú. Ìgbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ èrò síta, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ọ̀dọ́ náà ń ṣe pọ̀: ó ń yanjú ìṣòro, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ó sì ń fara da ojú tó ń wò ó.

Kí a fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tó gboyè nínú ìṣirò ní KNUST, tó ti sin ìlú fún ọdún kan bí òfin Gánà ṣe wí, bí àgùnbánirọ̀ ti wa. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá tó lè gbà á ló ní olú iléeṣẹ́ sí Àkrà, tó tó bíi 250 kìlómítà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkó, London àti Amẹ́ríkà ni àwọn yòókù wà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n á ti pàdé. Aago GMT ni Gánà ń lò, nítorí náà aago mẹ́wàá àárọ̀ Èkó jẹ́ aago mẹ́sàn-án fún un. Bí ó bá gbàgbé ìyẹn, ó ti pẹ́ tàbí ó ti yá jù. London bá a dọ́gba nígbà òtútù, ó sì máa ń fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀ nígbà tí ooru bá dé. Bí iléeṣẹ́ San Francisco bá ní kó wá ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwọn, aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ní Kùmásì, nígbà tí ọpọlọ ti rẹ̀.

Iná wá ńkọ́? Àwọn ará Gánà ní ọ̀rọ̀ kan fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀: dumsor. Twi ni, dum ni kí a pa iná, sɔ ni kí a tàn án. Láàárín ọdún 2012 sí 2015 ni ọ̀rọ̀ náà gbayé kan, kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ láàárín ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í sábà rí ẹni tó máa bẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ló ń ka ìṣẹ́jú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan. Gánà, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn bọ́ sínú òkùnkùn orí ayélujára. Àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Gánà sọ pé àtúnṣe rẹ̀ á gba ó kéré tán ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹni tó ní íńtáfíù lọ́jọ́ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá tó wà ní ilẹ̀ tí wáyà kì í já lè má mọ̀ ju pé olùwáṣẹ́ rẹ̀ kò yọjú.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ni ìpele tó ń fa ìrora tó pẹ́ jù. Iléeṣẹ́ á fi àkójọ dátà ránṣẹ́, wọ́n á ní kí olùwáṣẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́, kó kọ́ ẹ̀rọ tó lè sọ tẹ́lẹ̀, kó sì kọ ìjábọ̀. Wọ́n á ní wákàtí mẹ́rin ló máa gbà. Ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ náà tọkàntọkàn kì í fi wákàtí mẹ́rin ṣe é. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè rẹ̀ á lọ sí i, pẹ̀lú owó dátà orí fóònù tó fi gbé fáìlì náà sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lè má gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè. Láàárín wa, bí oníbàárà bá ní kí télọ̀ rán aṣọ kan kí òun fi wo ọwọ́ rẹ̀, tó gbé aṣọ náà lọ tí kò san kọ́bọ̀, tí kò sì sọ bóyá ó bá òun mu, gbogbo àdúgbò ló máa dá a lẹ́bi. Kò yẹ kí ìdájọ́ náà yí padà nítorí pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti rán aṣọ ọ̀hún.

Kì í ṣe pé ọ̀nà tó dára jù kò sí. Ní ọdún 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó ìwádìí ọdún 85 jọ lórí bí a ṣe ń yan òṣìṣẹ́. Wọ́n rí i pé kí a fún ènìyàn ní díẹ̀ lára iṣẹ́ náà gan-an láti ṣe, tàbí kí a bi gbogbo olùwáṣẹ́ ní ìbéèrè kan náà kí a sì fi òṣùwọ̀n kan náà díwọ̀n wọn, ń sọ òótọ́ nípa ẹni ju ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí kò létò lọ. Nígbà tí Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe ní ọdún 2022, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó létò ló bọ́ síwájú gbogbo wọn. Google pàápàá, tí gbogbo ayé ń fara wé, ti lo àlọ́ àpamọ̀ rí: bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mélòó ló lè kún inú ọkọ̀ òfúrufú? Ní ọdún 2013, Laszlo Bock tó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún New York Times pé ìfàkókòṣòfò gbáà ni, kò sì sọ ohunkóhun nípa bí ẹni náà ṣe máa ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ṣì ń pa àlọ́ náà.

Àwọn kan gbé ẹrù náà lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, èyí kò sì yanjú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Reuters ròyìn pé Amazon ti kọ́ ẹ̀rọ kan tó ń ka ìwé àwọn olùwáṣẹ́. Ìwé ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gé máàkì ìwé tó bá ti ní ọ̀rọ̀ tó tọ́ka sí obìnrin. Wọ́n pa á tì. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Kùmásì kò fara sin: bí àwọn tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ kò bá jọ olùwáṣẹ́ ibẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọ́n kọ́ kò ní mọ̀ ọ́.

Ní tàwọn olùwáṣẹ́, ohun tó wà níkàáwọ́ wọn kò kéré. Kí wọ́n máa sọ iṣẹ́ wọn síta níwájú ọ̀rẹ́ kí ọjọ́ ìdánwò tó dé, kí etí wọn lè mọ ohùn ara wọn. Kí wọ́n mọ SQL dunjú, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré tí ó sì ń gbé wọn ṣubú. Bí wọn kò bá gbọ́ ìbéèrè, kí wọ́n ní kí olùbéèrè tún un sọ, bí olùbéèrè bá ṣìnà, gbólóhùn kan wà tí kò tàbùkù àgbà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i." Zindi tún wà, ibùdó ìdíje dátà tó bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town ní ọdún 2018, tí ọ̀dọ́ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti lè yanjú ìṣòro ilẹ̀ wọn láìsí ojú tó ń wò wọ́n. Títúmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí wọ́n ti fi díje níbẹ̀ rí. Ipò tí ènìyàn mú níbẹ̀ kò ní gbọ̀n nítorí ẹ̀rù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba òṣìṣẹ́ dátà ní Àkrà, ní Kùmásì, ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí olùwáṣẹ́ yanjú ìṣòro náà lóun nìkan kó tó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ẹ bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà. Bí iná bá lọ, ẹ fún un lọ́jọ́ mìíràn. Bí iṣẹ́ àṣetiléwá bá gbà á ju wákàtí mélòó kan lọ, ẹ san nǹkan fún un. Ẹni tí ẹ kò bá sì gbà, ẹ kọ̀wé sí i, kó lè mọ ibi tó ti kùnà. Ìlà mẹ́ta tó.